Ọwọ́ Tó Kú Nínú Ìwé

Ọwọ́ Ìyá Abẹ́rẹ́ ti kú nínú ìwé, ṣùgbọ́n ìyá náà fúnra rẹ̀ kò tíì kú, kò sì ní in lọ́kàn láti kú láìpẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí, ó tún gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé awo dígí tó wà láyà Arínú, ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ìlú, ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ ẹ̀kọ wò bóyá ó ti dì. Iná pupa tàn.

"Ọwọ́ yìí ti fẹ̀yìn tì," ni Arínú wí, pẹ̀lú ohùn tútù tí wọ́n dá mọ́ ọn. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ọwọ́ mìíràn wá."

"Níbo ni kí n ti mú un? Ṣé wọ́n ń tà á lọ́jà ni?"

Ẹ̀rọ kì í bá àgbà jiyàn. Ó kàn máa ń dákẹ́ títí yóò fi rẹ àgbà.

Baálẹ̀ Ajíbóyèdé ló wá gba ìtọ́jú. Ó jókòó sórí àga onírin tó wà níwájú ẹ̀rọ náà, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú bí igi ìdáná tí kò wọ ààrò. Orúnkún rẹ̀ ti wú tó àgbọn. Arínú ti wo orúnkún náà, ó ti sọ orúkọ àrùn tó wà nínú rẹ̀, ó ti sọ oògùn tí yóò mú un lọ sílẹ̀, ó tilẹ̀ ti sọ inú ihò tí oògùn ọ̀hún wà: ìkẹrin láti ìsàlẹ̀, lápá òsì. Ibẹ̀ gan-an ni Baálẹ̀ tẹjú mọ́. Oògùn náà wà lẹ́yìn dígí, ó funfun báláú, kò jìnnà sí imú rẹ̀ ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Òfin Ọwọ́ ló tì í mọ́lé. Ẹ̀rọ lè rí àrùn, ẹ̀rọ lè dárúkọ àrùn, ṣùgbọ́n oògùn kankan kò gbọdọ̀ jáde àfi bí ọwọ́ ènìyàn tí ìjọba mọ̀ bá kọ́kọ́ kan ara aláìsàn, kó tó wá kan awo dígí. Àádọ́rin ọdún sì ni ọwọ́ ń fẹ̀yìn tì. Ìyá Abẹ́rẹ́ ti lé ọdún mẹ́ta lórí ìyẹn. Ọwọ́ tó sún mọ́ Òkè-Àfọ̀n jù báyìí wà ní ìlú kẹta, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń yí dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún.

"Kí ojú rí i kí ẹnu má lè jẹ ẹ́," ni Baálẹ̀ wí, "ìyà ajá tó dúró ti alápatà ni."

"Ajá alápatà a máa rí eegun jẹ, Baálẹ̀," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ dáhùn. "Ẹ jọ̀wọ́ o, tiyín le ju ti ajá lọ."

Nígbà tí ìjọba gbé ẹ̀rọ náà wá, Arínúróde ni wọ́n pè é. Àwọn àgbà ní orúkọ Ọlọ́run nìyẹn, wọ́n ní kí wọ́n gé e kúrú kí ìlú má bàa jẹ̀bi. Bó ṣe di Arínú nìyẹn. Inú ènìyàn ló sì ń rí lóòótọ́; òde ni kò mọ̀.

Ìbídùnní, ọmọ-ọmọ Ìyá Abẹ́rẹ́, jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn náà, ó gbé wàláà lé itan. Kì í ṣe wàláà onígi ti àwọn ọmọ ilé-kéú. Èyí ń jẹ oòrùn, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ìwé méjì ń tàn lójú rẹ̀, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan àwọ̀ ewé. Ìwé mẹ́ta ló kọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn lọ́dún tó kọjá. Ọ̀kan kò tilẹ̀ kí i kú iṣẹ́. Méjì gbà á, méjèèjì sì ní kí ó fi ọwọ́ lélẹ̀ kí oòrùn òní tó wọ̀, nítorí ilé àwìn, tó ń san owó ẹ̀kọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọdún iṣẹ́ san án padà, kì í gba ọwọ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Ọwọ́ tó bá fi lélẹ̀ yìí, kò sí ìpadàsẹ́yìn fún un.

"Ìbídùnní," ni Baálẹ̀ pè é, bóyá kí orúnkún lè kúrò lọ́kàn rẹ̀ díẹ̀. "Oòrùn ń lọ o. Ta lo fẹ́ fún lọ́wọ́?"

"Mò ń rò ó, Bàbá. Èkó Orí-Omi yóò gba ogún ọdún lọ́wọ́ mi. Ìlú-Tuntun yóò gba méje."

"Kí ni Èkó fẹ́ fi ogún ọdún ọmọ ọlọ́mọ ṣe?"

"Wọ́n fẹ́ kí n mọ kíndìnrín."

"Kíndìnrín náà kò burú."

"Ti apá òsì nìkan, Bàbá. Ẹlòmíràn ni wọ́n ń kọ́ ní ti ọ̀tún."

Baálẹ̀ ronú sí ọ̀rọ̀ náà. "Bí wọ́n bá wá gbé aláìsàn dé, tó dojú bolẹ̀ ńkọ́?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìbídùnní náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò dé ikùn, nítorí Èkó kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ṣe àwàdà. Ilé wà níbẹ̀ fún un lórí omi, oúnjẹ ń fi ọkọ̀ ojú omi wá bá ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà, ìwé wọn sì sọ ọ́ gbangba pé akẹ́kọ̀ọ́ lè mú àgbàlagbà kan dání wá, kí wọ́n jọ máa gbé.

"Ìlú-Tuntun ńkọ́?"

"Dókítà ẹnu-ọ̀nà ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ẹni tí aláìsàn kọ́kọ́ ń rí kó tó rí ẹnikẹ́ni. Orúnkún, ikọ́, oyún, ọmọ tí kò jẹun, àgbà tí kò rí oorun sùn. Gbogbo ara, Bàbá. Ara, àti ẹni tó ni ara."

"Ohun tí ìyá rẹ àgbà fi ọdún mẹ́tàlélógójì ṣe fún wa nìyẹn."

"Òun náà ni mo fẹ́ ṣe."

"Ó parí! Fún wọn lọ́wọ́, ká lọ jẹun."

"Kò tíì parí, Bàbá. Ibi tí wọ́n bá rán mi ni mo ti máa san ọdún náà. Ẹni tó gba àwìn yẹn ní ìlú kejì wa, etí aṣálẹ̀ ni wọ́n rán an lọ. Bó bá fi ohùn ránṣẹ́ sílé, iyanrìn la máa ń gbọ́ ju ohùn lọ. Àwọn tó ń rí i san nílé ni àwọn tí ìlú wọn ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún. Mo ti bi Arínú ní iye tí Òkè-Àfọ̀n ní."

"Kí ló wí?"

"Mọ́kànlélógójì."

Àfi bí ẹni pé ìlú gbọ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tú jáde ní ọ̀nà ìsàlẹ̀, wọ́n ń sáré, wọ́n ń kọrin, bàtà ń dún, ẹnìkan ń lé ẹnìkan, ẹnìkan ń sunkún bàtà rẹ̀ tó bọ́. Ariwo wọn nìkan ju mọ́kànlélógójì lọ. Ìyá Abẹ́rẹ́ wo Baálẹ̀. Baálẹ̀ wo àjà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé, ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ìjọba rán àwọn ẹyẹ onírin wá láti ka ènìyàn. Wọ́n funfun bíi lékeléke, wọ́n ń fò lórí òrùlé, wọ́n ń wo àgbàlá. Baálẹ̀ ti gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀. Ó ní kí olúkúlùkù bo ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹni tó ka ọmọ ènìyàn ń pe ojú búburú wá jẹun. Wọ́n kó ọmọ sínú aká, wọ́n kó wọn sábẹ́ ibùsùn, wọ́n fi agbọ̀n dé wọn bí ẹni dé adìyẹ. Ìbídùnní jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà. Òun àti àgbébọ̀ kan ni wọ́n jọ wà lábẹ́ agbọ̀n kan náà, àgbébọ̀ ọ̀hún sì ń fi àgógó ẹnu gún un létí títí ẹyẹ ìjọba fi lọ. Àwọn ọmọ tí etí wọn le, tí wọ́n yọjú wo ẹyẹ, àwọn ni mọ́kànlélógójì yẹn.

"Ṣé wọn kò tún ní wá kà ni?" Baálẹ̀ béèrè, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ó ku ọdún mẹ́rin. Ẹ̀ka kejìlá nínú ìwé wọn sọ pé ìlú lè mú ẹ̀rí wá, ẹ̀rí tí ẹ̀rọ lè fojú rí. Ẹ̀ka kẹtàlá ń sọ nǹkan kan nípa ọwọ́ adelé, ìyẹn kò yé mi rárá."

"Ẹ̀rí tí ẹ̀rọ lè fojú rí." Baálẹ̀ mi orí. "Kí a wá to àwọn ọmọ sílẹ̀ bí iṣu èbù, kí ẹ̀rọ máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan? Lójú mi? Bàbá mi kò kà wọ́n, bàbá tó bí i kò kà wọ́n. Ìbídùnní, má bínú sí mi. Bí mo bá kà wọ́n lónìí, tí ọ̀kan bá ní orí fífọ́ lọ́la, ojú wo ni n ó fi wo ìyá rẹ̀?"

"Mi ò bínú, Bàbá."

Kò bínú lóòótọ́. Ṣé ẹni tí wọ́n tọ́ nílé ìyá àgbà kò ní mọ èèwọ̀ ni? Ìṣirò ló ń ṣe. Ọdún mẹ́fà nílé-ẹ̀kọ́, ọdún méje nínú iyanrìn: mẹ́tàlá. Ìyá Àgbà yóò ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, bí ó bá wà. Òun nìkan ló kù fún Ìbídùnní láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Bí ó bá jẹ́ Èkó, wọn yóò jọ wà pa pọ̀. Kíndìnrín òsì ni yóò máa bọ́ wọn yó. Òkè-Àfọ̀n á máa wo oògùn lẹ́yìn dígí. Ibi tí a fẹ́ lọ, ọ̀nà kò sí. Ibi tí ọ̀nà wà, a kò fẹ́ lọ. Oòrùn ti kúrò ní orí òrùlé ọjà, ó ti ń sún mọ́ igi àfọ̀n ńlá tí wọ́n fi sọ ìlú lórúkọ. Ìbídùnní mí kanlẹ̀. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí ìwé búlúù, ti Èkó.

"Gbé ọwọ́ sókè," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí.

Ọwọ́ náà dúró lójú òfuurufú.

"Nítorí ta lo ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́?"

"Ìyá Àgbà, wọ́n ní kí n mú yín dání."

"Lọ sórí omi? Ṣé ẹja ni mí ni?" Ó fi ara ti ẹ̀rọ náà, ó tú gèlè, ó tún un wé. "Gbọ́ mi. Ìyá tó bí ìyá ìyá mi ṣe ìwọ̀fà nítorí gbèsè tí kò jẹ. Ọdún mọ́kànlá ló fi gbálẹ̀ ilé onílé. Kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ san àwìn. Ibi tó ti ń ṣe é lọ̀rọ̀ wà. Ìwọ̀fà tó ń roko bàbá ara rẹ̀, ta ni yóò pè é ní ìwọ̀fà? Jókòó síbẹ̀. Má fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ó jáde. Ilé rẹ̀ kò jìnnà, ṣùgbọ́n ìrìn àgbà, ìrìn àgbà ni. Oòrùn fara kan ewé àfọ̀n. Baálẹ̀ àti Ìbídùnní jókòó, wọ́n ń wo ọ̀nà.

"Mo rò pé mò ń dáàbò bò yín ni," ni Baálẹ̀ wí níkẹyìn.

"Mo mọ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n àgbébọ̀ yẹn kò mọ̀."

Baálẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, orúnkún kò jẹ́.

Nígbà tí Ìyá Abẹ́rẹ́ dé, akèrègbè méjì ló gbé, ọ̀kan lórí, ọ̀kan lábíyá. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ níwájú Arínú, ó da akèrègbè àkọ́kọ́ délẹ̀. Ohun tó tú jáde ń dún wàràwàrà bí àgbàdo gbígbẹ. Ìdérí abẹ́rẹ́ ni, kékeré kékeré, òmíràn funfun, òmíràn ti pọ́n bí eyín àgbà. Àmì tóótòòtó tí ẹ̀rọ ń kà wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó dà bí ẹyin èèrà.

"Gbogbo ọmọ tí mo gbẹ̀bí rẹ̀ nílùú yìí," ni ó wí, "mo fún un ní abẹ́rẹ́ ìbí kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ohun tó kan ara ọmọ tuntun, n kò lè jù ú sórí ààtàn. Mo ń kó o síbí."

"Ẹ ti ń kà wọ́n láti ọjọ́ yìí!" Baálẹ̀ fẹ́ dìde, ó tún jókòó.

"N kò ka ẹnikẹ́ni. Ìdérí ni mo kó sínú akèrègbè. Ṣé ìdérí ń jẹ ẹ̀bà ni, Baálẹ̀? Ṣé ó máa ń kúnlẹ̀ kí yín láàárọ̀?"

Baálẹ̀ wo ẹní, ó wo orúnkún, ó wo ihò kẹrin lápá òsì. Lẹ́yìn náà ó di àga rẹ̀ mú, ó ń ráhùn, ó yí i padà títí ó fi kọ ẹ̀yìn sí wọn pátápátá, kí ojú rẹ̀ má bàa rí ohun tí ẹnu rẹ̀ yóò sẹ́.

"Èmi ń wo ògiri," ni ó wí. "Ògiri ni mo rí."

Ìmọ́lẹ̀ tín-ínrín jáde láti iwájú orí Arínú, ó ń rìn lórí àwọn ìdérí náà bí tanátaná. "Ọ́fíìsì abẹ́rẹ́ mọ àwọn wọ̀nyí," ni ẹ̀rọ náà wí. "Ọ́fíìsì ènìyàn kò mọ̀ wọ́n."

"Jẹ́ kí wọ́n kí ara wọn nígbà náà," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ dáhùn. "Láti ọdún tí wọ́n ti jọ ń gbé ilé ìjọba, wọn kò tíì kí ara wọn?"

Iná kékeré ń ṣẹ́jú láyà Arínú. Ó jọ pé wọ́n ń kí ara wọn. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀: "Ó wà. Ó wà. Ó ti lé ní ogún ọdún. Ó wà. Ó ti ṣí lọ. Ó wà." Lórí wàláà, mọ́kànlélógójì di ọgọ́ta, ó di ọgọ́rùn-ún. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ìmọ́lẹ̀ náà a dúró, ohùn ẹ̀rọ a sì rẹlẹ̀: "Ó ti sùn." Ìyá Abẹ́rẹ́ a bẹ̀rẹ̀, a ṣa ìdérí náà, a fi í sí àtẹ́lẹwọ́ òsì. Kò bi ẹ̀rọ léèrè ta ni. Ó mọ̀ wọ́n.

Ó di igba, ó di ọ̀ọ́dúnrún. Ìbídùnní da akèrègbè kejì sílẹ̀. Ó di irinwó. Ojú oòrùn ti ń pọ́n, ó ti wọ àárín igi àfọ̀n, ìwé méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lójú wàláà.

"Ó wà," ni Arínú wí, ó sì dákẹ́. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rìn yí ẹní po, kò rí nǹkan kan mọ́, ó padà sílé.

"Mélòó?" ni Baálẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ògiri.

Ìbídùnní kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó dín ẹyọ kan."

Baálẹ̀ fi ọwọ́ gbá itan. Itan ọ̀tún ni, ó dé orúnkún, ó ké. "Ẹyọ kan! Ẹ gbọn akèrègbè yẹn dáadáa!"

Ìbídùnní gbọ̀n ọ́n. Eruku ló jáde. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá abẹ́ ẹní, ojú rẹ̀ ti ń ṣe omi. Ẹyọ kan ṣoṣo. Gbogbo ayé rẹ̀ ti sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀, ó ku ohun tí kò tó èékánná.

Ìgbà náà ni ó rí i pé ìyá rẹ̀ àgbà kò wá nǹkan kan. Ìyá náà dúró jẹ́ẹ́, ó ti ki ọwọ́ sí abẹ́ ìró, ó mú àpò aṣọ kékeré kan tó máa ń so mọ́ ìdí jáde. Láti kékeré ni Ìbídùnní ti mọ àpò náà. Owó tábà ló rò pé ó wà nínú rẹ̀.

Ìdérí abẹ́rẹ́ kan ló bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá náà. Ó ti dán nítorí ọwọ́ tó ń kàn án.

"Ìwọ nìyí," ni ó wí. "Ìyá rẹ fi ọ́ lé mi lọ́wọ́ kó tó lọ, n kò lè kó ọ pọ̀ mọ́ ti ọlọ́mọ. Baálẹ̀, ẹ gbọ́ mi o. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Èmi ni ọlọ́mọ níbí. Mo kà á. Ọ̀kan."

Ó gbé e sílẹ̀ lórí ẹní.

Ìmọ́lẹ̀ jáde, ó dúró lórí rẹ̀. "Ó wà," ni Arínú wí. "Ọdún mọ́kàndínlógún àti oṣù mọ́kànlá."

"Ẹ wò ó bí ó ti bọ́!" Baálẹ̀ kígbe sí ògiri. "Oṣù kan péré! Tẹ̀ ẹ́, Ìbídùnní! Tẹ̀ ẹ́ kí oòrùn tó yí ọkàn padà!"

Ìbídùnní fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ìwé aláwọ̀ ewé. Ìwé náà gbà á. Wàláà kọ ọ́ síta: *Ọdún méje. Ibi tí a ó ti san án: Òkè-Àfọ̀n.* Kò pẹ́ tí oòrùn fi wọ̀, tí wàláà náà pajú dé.

Ìbídùnní jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín àwọn ìdérí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọọrọ bí ti ọmọdé. Èémí tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ó jọ pé ọjọ́ tí wọ́n ti fi agbọ̀n dé e mọ́lẹ̀ ló ti wà nínú rẹ̀. Baálẹ̀ ń yí àga rẹ̀ padà pẹ̀lú ìráhùn, nígbà tí Arínú, tí kò sẹ́ni tó bi í léèrè, la ẹnu.

"Ẹ̀ka kẹtàlá. Ìlú tó bá ti ní ọmọ lọ́nà ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn lè lo ọwọ́ adelé, títí ọmọ náà yóò fi dé. Ọwọ́ tó ti fẹ̀yìn tì náà ṣeé lò. Ẹ mú ọwọ́ wá."

Wọ́n wo ara wọn.

"Ṣé tèmi ló ń wí?" Ìyá Abẹ́rẹ́ béèrè.

"Ta ló tún ní ọwọ́ níbí?" ni Baálẹ̀ wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré!"

Kò sáré. Ó kọ́kọ́ kó àwọn ìdérí tó wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀ sínú àpò kékeré náà, ó so ó. Ó fi etí ìró nu ọwọ́ ọ̀tún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún Baálẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, bí ó ti ń ṣe láti ọdún mẹ́tàlélógójì wá.

"Yéè! Ẹ rọra, ìyá!"

"Ó gbóná," ni ó wí, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ kan náà lé awo dígí tó wà láyà Arínú.

Iná aláwọ̀ ewé tàn. Ihò kẹrin lápá òsì ṣí, oògùn funfun báláú yọ jáde sí ọwọ́ Baálẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á bí ẹni gba ọmọ ìkókó.

Wọ́n ti kó ìdérí padà sínú akèrègbè, wọ́n ti ká ẹní, Baálẹ̀ ti gbé ẹ̀kíní nínú oògùn náà mì pẹ̀lú omi, ìyá náà kò tíì gbé ọwọ́ kúrò lórí dígí.

"Ìyá Àgbà, ó ti gbà," ni Ìbídùnní wí. "Ẹ lè gbé ọwọ́ yín kúrò."

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀ díẹ̀," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ dáhùn. "Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kí i."